Ìdògbé Wọ Ilé Onílé

"Ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn, Ẹnjiníà."

N kò yọ ọ́. Omi ti mù mí dé orúnkún, ọwọ́ mi kan wà nínú ikùn afami Màmá Ṣíjúwadé, èkejì di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹni tó sì ń pàṣẹ fún mi dúró lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ kì í pàṣẹ fún ẹni tó wà nínú omi. Òfin tèmi nìyẹn, Ilé-Orúkọ kò sì tíì gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ẹ ní sùúrù," ni mo wí láìwẹ̀yìn. "Tí mo bá parí, a ó kí ara wa bí ọmọlúàbí."

Màmá Ṣíjúwadé jókòó sórí tábìlì nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sókè, ó ń jẹ gúgúrú. Ilé rẹ̀ ló gbẹ̀yìn ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà. Lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, ògiri òkun ló kù, lẹ́yìn ògiri sì ni òkun fúnra rẹ̀ wà, tó ga ju ilẹ̀ wa lọ. Gbogbo ilé ní àdúgbò wa ló ní afami kan lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fa omi tó bá yọ wọlé dà sínú kòtò ńlá. Afami kan kì í dá ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́: èyí á sọ fún tọ̀hún pé kòtò ti kún, dúró ná, tọ̀hún á ní mo ti dúró, ìwọ máa fà á lọ. Bí ọ̀kan bá yadi, àwọn tó kù á máa da omi lé e lórí. Ti Màmá ti yadi láti àárọ̀.

"Mo ní kí ẹ..." ni ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀," ni Màmá gé e lẹ́nu. "Àbí o fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi fi igbá gbọ́n ọn?"

Mo yíjú sí i nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́ ni, aṣọ́rúkọ Ilé-Orúkọ, ilé iṣẹ́ tó ń fún ẹ̀rọ lórúkọ. Ọdọọdún ló máa ń ti Òkè-Gbígbẹ sọ̀ kalẹ̀ wá gbọ́ orúkọ àwọn ẹ̀rọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí tíṣà tó ń pe ọmọ kíláàsì. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó máa ń gba omi mu lọ́wọ́ wa, ó sì máa ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kó ẹrù ẹni lọ bá dúpẹ́, ẹrù ẹni náà ló ṣì ń kó lọ.

"Ilẹ̀kùn Òkun kò tì," ni ó wí. Ohùn àṣẹ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àná la gbé ọpọlọ tuntun sí i. Ní àárọ̀ yìí a ní kó máa tì, kí omi ìrọ̀lẹ́ tó kún. Kò dáhùn. Òpó wa tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ orí afẹ́fẹ́ ló pa á lẹ́nu mọ́."

Mo gbé orí sókè. Ilẹ̀kùn Òkun ni ilẹ̀kùn irin tó wà láàárín ògiri òkun, nítòsí ilé Màmá gan-an. Bí òkun bá bá a ní ṣíṣí lálẹ́ òní, kì í ṣe orúnkún mi la ó máa sọ, orí mi ni.

"Kí ló ṣe tí Òpó fi pa á lẹ́nu mọ́?"

"Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan lórí afẹ́fẹ́, Òpó á pa àwọn méjèèjì lẹ́nu mọ́ títí a ó fi mọ èyí tó jí i." Ó na ìka sí afami tí mo kọwọ́ bọ̀. "Olè náà nìyẹn."

"Afami mi?" Màmá gbé gúgúrú sílẹ̀. "Èyí tí kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi rí látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀? Níbo ló ti rìn lọ jalè?"

Ṣówẹ̀mímọ́ tú agbóhùn tó so mọ́ àyà rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ kan tí kò ju àwo ọṣẹ lọ, ó nà án sí mi láti inú ọkọ̀. "Ẹ fi kàn án. Ẹ ka ohun tí ẹ bá rí sétí mi."

Mo fi kan afami náà. Orúkọ rẹ̀ yọ sójú dígí lẹ́sẹẹsẹ, ìdì nọ́ńbà mẹ́fà mẹ́fà. Ìdì mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdílé, wọ́n ń sọ ẹni tó ni orúkọ náà kó tó fi tọrọ. Mẹ́ta tó kù jẹ́ ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

"Kí ló dé tí orúkọ fi pọ̀ tó báyẹn?" ni Màmá béèrè, ó ti na ọrùn wá wò ó. "Àbí orúkọ mélòó ni ẹ̀rọ kan ń jẹ́?"

"Mẹ́rin, Màmá. Ọ̀kan tó fi ń bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, ọ̀kan tó fi ń gbọ́ ti Òpó, ọ̀kan tó fi ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún wáyà. Ẹyọ kan ni Ilé-Orúkọ ń fún wa. Ọpọlọ inú rẹ̀ á fi oókan kún un, á ní ìkejì. Á tún fi oókan kún ìyẹn, títí á fi pé mẹ́rin. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àlàbá là ń pè wọ́n."

"Ọmọ ìyá kan náà," ni Màmá wí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kò tẹ́ èmi lọ́rùn. Mo tún àwọn orúkọ náà kà, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú omi tútù. N kò rí Táyé. Kẹ́hìndé ló ṣáájú, Ìdòwú tẹ̀ lé e, Àlàbá tẹ̀ lé Ìdòwú, ẹnì kan sì tún wà lẹ́yìn Àlàbá tí ẹnikẹ́ni kò fún wa. Ìdògbé ni. Ẹni tó ń tẹ̀ lé Àlàbá, Ìdògbé náà ni. Orúkọ tó ń jẹ́ ni nọ́ńbà tó kàn lẹ́yìn tiwa, tí Ilé-Orúkọ sì mú lánàá láti fi sọ Ilẹ̀kùn Òkun.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ẹni tó ṣe é. Ojú tì mí, inú bí mi, ẹ̀rín sì tún fẹ́ pa mí.

Mo gbé ẹ̀gbà ọwọ́ mi súnmọ́ ẹnu. Gbogbo wa la wọ ẹ̀gbà. Orúkọ wa ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ pe Bàbá mi fún mi."

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a mí, kí n tó gbọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà ní ilé ìwòsàn Òkè-Gbígbẹ, àyà rẹ̀ kò lágbára mọ́. "Àṣàkẹ́. Ṣé omi ti fà?"

"Kò tíì fà, sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ ń kọ́ ọpọlọ àwọn afami bí wọ́n á ṣe máa ka orúkọ wọn, ta lẹ fi ṣe ẹ̀gbọ́n?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Kẹ́hìndé ni."

"Táyé ńkọ́?"

"Táyé kẹ̀? Ẹni tí wọ́n rán pé kó lọ tọ́ ayé wò? Mo ní kó máa lọ níwájú, kó sì dákẹ́. Orí ẹ̀gbọ́n ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mẹ́rin gééré ni mo kà."

Kẹ́hìndé Adéṣẹ̀yẹ ni orúkọ Bàbá mi. Láti kékeré ni òun àti ìkejì rẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Táyé ti kú, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, Bàbá mi kò sì tíì jáwọ́ nínú iyàn náà. Ó kó o wọ inú ẹ̀rọ. Kò sì pa ẹnikẹ́ni lára láti ọjọ́ yìí wá, nítorí pé gbogbo afami wa ló ṣe bákan náà: Ìdògbé ti ilé kan á bọ́ sí àyè Táyé ti ilé kejì, tó ti ṣófo tẹ́lẹ̀. Ti Màmá nìkan ni kò ní ilé lẹ́yìn rẹ̀, àfi láti àná tí wọ́n fi orúkọ Ilẹ̀kùn Òkun tẹ̀ lé tirẹ̀.

Mo rò ó fún Bàbá mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà mí fún un.

"Àwọn tó ni Ilẹ̀kùn ni kò mọ ẹ̀gbọ́n," ni ó wí níkẹyìn.

Ṣówẹ̀mímọ́ bu ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Mo rí i. Mo wá rò pé ọ̀nà ti là.

"Àṣìṣe ni," ni mo wí fún un. "Àwa la jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n yọ Ìdògbé kúrò nísinsìnyí. Ilẹ̀kùn yín á gbọ́, á tì, kálukú á máa lọ sílé ẹ̀."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀. "Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, Ẹnjiníà. Mo ti ránṣẹ́ kí n tó gbéra. Àdúgbò tó bá jẹ́ orúkọ tí a kò fún un, a ó gba gbogbo orúkọ rẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí oòrùn bá ti bọ́ sẹ́yìn ògiri, gbogbo afami Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà ló máa dákẹ́, Ilẹ̀kùn á sì ráyè sọ̀rọ̀."

"Gbogbo rẹ̀? Nítorí ẹyọ kan?"

"Òfin ni."

"Omi tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́? Èyí tí mo dúró nínú rẹ̀? Ṣé Ilẹ̀kùn ló máa mu ún?"

"Wọn á wá kó yín lọ sí Òkè fúngbà díẹ̀. Títí a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò."

"Ìgbà díẹ̀ tí ẹ kó àwọn ará Ìdí-Àgbọn lọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dé?" N kò mọ ìgbà tí ohùn mi lọ sókè. "Ẹja ló ń sùn ní pálọ̀ wọn báyìí, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́! Ẹja! Wọ́n ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ tiwọn wò!"

Òun náà ló lọ ka orúkọ ẹ̀rọ wọn gbẹ̀yìn.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. Omi mù ún dé itan, aṣọ rẹ̀ léfòó yí i ká. "Èmi ò lọ sí Òkè kankan," ni ó wí, kì í ṣe fún èmi, kì í ṣe fún òun. "Ilé mi rèé."

Ohùn Bàbá mi jáde láti ọwọ́ mi. Mo ti gbàgbé pé n kò tíì pa ìpè náà. "Àṣàkẹ́. Fún wọn ní àbísọ."

"Bàbá!" ni Ṣówẹ̀mímọ́ kígbe. "Ẹ má sọ ọ́ mọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́. N kò gbọ́ ọ."

Ó gbọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ kan ọpọlọ ẹ̀rọ láyé ìsinsìnyí ló mọ ohun tí Bàbá mi ń wí. Orúkọ tí Ilé-Orúkọ bá fúnni, òun ló ni ín, òun ló sì lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n nínú ìdì àkọ́kọ́ orúkọ, àmì kékeré kan wà tó máa ń wà ní kíkú. Bí èèyàn bá tàn án, ẹ̀rọ náà ń sọ fún gbogbo ayé pé: n kò gba orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ilé ni wọ́n ti sọ mí. Òpó kò lè gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ló fún un. Kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ ẹ̀rọ lórúkọ láìjẹ́ pé Ilé-Orúkọ rán an, wọn á gba tirẹ̀ náà. Ẹ̀gbà rẹ̀ á kú. Ilé oògùn kò ní tà fún un, ọkọ̀ èrò kò ní gbé e, kò sí ilẹ̀kùn kankan ní Òkè-Gbígbẹ tó máa ṣí fún un mọ́. Mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n ṣe é fún. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́. Mo ti ń bínú láti àárọ̀, ìbínú náà sì dára lára mi, ṣùgbọ́n nígbà tó kan kí n ṣe é, ẹ̀rù ni mo bá níbẹ̀.

"Bàbá mi," ni mo wí. Mo yẹ̀yìn sí Ṣówẹ̀mímọ́ kó má rí ojú mi. "Bí mo bá ṣe é, n kò ní lè wọlé wá bá yín mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ Ẹtì á dé, ẹ ò ní rí mi."

"Mo ní mo mọ̀, Àṣàkẹ́."

"Ta ló máa gé èékánná yín? Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn kò mọ̀ ọ́n gé, wọ́n máa ń gé e wọ ẹran."

Ẹ̀rọ náà mí fún un. "Jẹ́ kó máa gùn," ni ó wí.

Ẹkún àti ẹ̀rín já lẹ́nu mi pa pọ̀, ohùn burúkú kan báyìí. Màmá na ọwọ́, ó nu ojú mi pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀ tó tutù, ó sì tì mí padà sídìí afami bí ẹni ti ọmọ tó ń sá fún ìwé.

"Má gbàgbé," ni Bàbá mi ń wí, "àmì tó sọ pé ilé ni wọ́n ti sọ ọ́, ìyẹn nìkan ni kí o tàn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má fọwọ́ kàn án o. Ẹni tó bá tan ìyẹn, orúkọ gbogbo ayé ló ń jẹ́, ẹ̀rọ kan kò sì lè jẹ́ gbogbo ayé."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ó kàn ń wù mí kí n sọ ọ́ ni."

Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo pa ìpè náà. Mo fa síléètì mi yọ nínú àpò, mo ki wáyà rẹ̀ bọ ojú ihò tó wà lára ọpọlọ afami. Ọpọlọ náà kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Òfìfo ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ọpọlọ tó ṣófo tán: nọ́ńbà gígùn kan máa ń wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fín sí i níbi tí wọ́n ti gé e, kò sì sí méjì tí tiwọn bára mu. Ó ti gùn jù láti fi ṣe orúkọ. Mo wá kọ ọ́ fún ọpọlọ náà pé kó mú nọ́ńbà tirẹ̀, kó lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹni lọ ata, kó sì bu ìwọ̀nba tó máa kún ìdì mẹ́fà níbẹ̀. Kó tan àmì ilé, kó pa àmì gbogbo ayé. Kó tó jẹ́ orúkọ náà, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò bóyá ẹnì kan ti ń jẹ́ ẹ. Bí kò bá sí, kó jẹ́ ẹ, kó sì kọ́ ẹ̀rọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ohun tí mo kọ́ ọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láti ilé dé ilé.

Mo tún kíkà rẹ̀ ṣe pẹ̀lú. Táyé ni mo fi ṣíwájú. Bàbá mi kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé.

"Ẹnjiníà." Ṣówẹ̀mímọ́ ti dìde dúró nínú ọkọ̀. "Bí mo bá rí yín tí ẹ ń ṣe é, mo ní láti dá yín dúró."

"Ẹ wá dá mi dúró. Inú omi ni mo wà."

"Mo máa sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ máa bọ̀."

Ó jókòó padà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Bàtà aláwọ̀ ni, okùn rẹ̀ gùn, ihò rẹ̀ pọ̀. Ó tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ ọ, ó wo inú rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí omi kò lè dé. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a sí méjì, ó kì í bọ inú bàtà. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ẹsẹ̀ òsì.

"Ọkùnrin yìí ì bá ti wẹ̀ tán," ni Màmá wí.

N kò gbójú sókè, ọwọ́ mi ń sáré lórí síléètì. Mo gbọ́ tó ká ṣòkòtò rẹ̀, ìlọ́po kan, ìlọ́po mìíràn, tó sì tún tẹ ẹ́ kó jókòó dáadáa. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi, tó ní, "Háà, ó tutù o," mo ti tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn.

Afami náà dákẹ́ pátá. Iná kékeré iwájú rẹ̀ ṣẹ́jú: ó ń béèrè. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn pé òun ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ̀n, ó họ́fun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Màmá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bo ẹnu.

A gbọ́ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Afami ilé kejì dákẹ́, àwọn ará ilé náà fi igbe ta, "Yéè, ó ti kú!" Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, ó ti jí. Lẹ́yìn náà ilé kẹta. Igbe àti ìdákẹ́jẹ́ ń tẹ̀ lé ara wọn lọ sí òpin àdúgbò, títí gbogbo afami Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà fi ń hó pọ̀. Nígbà náà la gbọ́ irin ńlá kan tó ń kérora láti ìhà ògiri. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Ilẹ̀kùn Òkun mọ́ yàtọ̀ sí òun. Ó ń tì.

Oòrùn bọ́ sẹ́yìn ògiri. Òpó gba gbogbo orúkọ wa padà, gẹ́gẹ́ bó ṣe lérí, àwọn afami wa sì ń fa omi lọ, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan bá wọn wí. Mo rí i tí àtẹ̀gùn ilé Màmá yọ orí jáde nínú omi, ìpele kan, lẹ́yìn náà ìpele kejì. Ara mi yá gágá débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n bú Òpó náà ní gbangba. Mo bú u. Màmá bá mi gbè é.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ mi tutù. Iná ẹ̀gbà mi kú láìdún. Ṣówẹ̀mímọ́, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú omi pẹ̀lú ẹsẹ̀ funfun rẹ̀, gbé agbóhùn kọjú sí mi láti mú mi. Agbóhùn náà sọ pé kò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó tún gbé e kọjú sí mi.

"Wọ́n ti gba orúkọ yín kí n tó ráyè kọ ọ́," ni ó wí. "N kò lè mú ẹni tí kò sí." Ó gbá omi kúrò lára agbóhùn náà. "Ẹ lọ sílé, Ẹnjiníà. Ẹ má wá sí Òkè. Kò sí ilẹ̀kùn tó máa ṣí."

"Ẹ kú iṣẹ́ òní," ni mo wí fún un. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo yá ọkọ̀ ajẹ̀ Màmá, èyí tí kò ní ọpọlọ kankan nínú, mo sì wà á lọ tààrà sí Òkè.

Ilé ìwòsàn náà wà lẹ́nu èbúté. Ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ dígí, wọ́n sì máa ń ti àwọn àgbàlagbà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga onítáyà ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè rí omi. Bàbá mi wà láàárín wọn, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ibi tí kò fẹ́.

"Ta ni?" ni ilẹ̀kùn béèrè.

"Ìbíyẹmí Àṣàkẹ́, ọmọ Kẹ́hìndé Adéṣẹ̀yẹ."

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi gbọ́ ohùn mi. Mo rí i tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tí kò lágbára yí táyà àga náà, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dojú kọ mí. Okùn ẹ̀rọ wà nímú rẹ̀. "Àṣàkẹ́!" ni ó pè. Ó pè é sókè débi tí àwọn àgbàlagbà tó kù fi yíjú.

"Èmi rèé, Bàbá."

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni ilẹ̀kùn tún wí.

"Irọ́ ni!" ni Bàbá mi wí fún un. "Èmi ni mo sọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀ kí i níwájú dígí náà, bó ṣe tọ́ kí ọmọ kí baba rẹ̀. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti rí àwọn sukúrù tó di ọpọlọ ilẹ̀kùn náà mú, nísàlẹ̀ pátápátá. Mo yọ sukurudíráfà nínú àpò. N kò dìde.